Ẹ Yí Ìgò Náà Padà: Bí A Ṣe Ń Yan Magnesium àti Bí A Ṣe Ń Lò Ó

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn, màmá kan gbé ìgò funfun kan lé káńtà mi ní ilé oògùn. Ọmọ wọn obìnrin tó wà ní Manchester ló fi í ránṣẹ́. Lẹ́tà gàdàgbà ni wọ́n fi kọ ọ́ síwájú rẹ̀: Magnesium Glycinate 1500 mg. "Dókítà, ẹ bá mi wò ó," ni màmá wí. "Ṣé oògùn yìí ò ti le jù fún mi? Ẹyọ kan ṣoṣo ni mò ń lò lójúmọ́, torí 1500 yẹn ń dẹ́rù bà mí."

Mo yí ìgò náà padà. Lẹ́yìn rẹ̀, nínú lẹ́tà wínníwínní tí mo ní láti gbé sábẹ́ iná kí n tó rí i kà, wọ́n kọ ọ́ pé kápúsù mẹ́ta ni ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan, àti pé magnesium tó wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 210 mg. Ìyẹn ni pé ẹyọ kan tí màmá ń lò, 70 mg péré ló ń fún wọn. Ẹ̀kúnwọ́ kajú kan, tó wọn nǹkan bíi gíráàmù 28, ní 74 mg. Oṣù kan gbáko ni màmá fi ń bẹ̀rù ohun tí kò tó ẹ̀kúnwọ́ kajú.

Irú ìgò bẹ́ẹ̀ ti pọ̀ nínú ilé wa báyìí. Àwọn ọmọ ń fi í ránṣẹ́ láti London àti Houston, àwọn ilé oògùn ńlá ń tà á ní Èkó àti Ìbàdàn, ọ̀rọ̀ WhatsApp sì ń sọ pé ó ń wo àìróorunsùn, ẹsẹ̀ dídùn, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àyà jíjá. Èròjà inú oúnjẹ tí ara nílò ni magnesium. Mi ò bá a jà, èmi náà ń tà á. Ohun tó ká mi lára ni pé ọ̀pọ̀ ń gbé e mì láìmọ iye tí wọ́n gbé mì, àwọn mìíràn sì wà tí kò yẹ kí wọ́n fọwọ́ kàn án rárá. Bí mo ṣe ń tọ́ àwọn tó bá wá sọ́dọ̀ mi sọ́nà nìyí, bẹ̀rẹ̀ látorí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi wọ́n.

1. Báwo ni kíndìnrín yín ṣe wà?

Magnesium tó bá pọ̀ ju ohun tí ara ń fẹ́ lọ, kíndìnrín ló ń kó o jáde sínú ìtọ̀. Ìdí nìyẹn tí magnesium inú ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́ kì í fi í ṣe ẹni tí ara rẹ̀ dá ní jàǹbá. Ṣùgbọ́n bí kíndìnrín bá ti rẹ̀, ohun tó yẹ kó bá ìtọ̀ lọ á máa kóra jọ sínú ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tí iṣan á fi dẹ̀, tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ á já wálẹ̀, tí mímí pàápàá á di iṣẹ́.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń lò ó ní yàrá ìgbẹ̀bí. Bí ẹ̀jẹ̀ aboyún bá ru débi pé gìrì fẹ́ gbé e, abẹ́rẹ́ magnesium sulphate ni wọ́n máa ń sáré fún un, ẹ̀mí púpọ̀ ló sì ti gbà là. Ìwádìí ńlá kan tó jáde lọ́dún 2002, tí obìnrin tó lé ní 10,000 láti orílẹ̀-èdè 33 wà nínú rẹ̀, fi hàn pé ó dín ewu gìrì náà kù ju ìdajì lọ. Síbẹ̀, kí nọ́ọ̀sì tó gún un ní òmíràn tẹ̀ lé ti àkọ́kọ́, nǹkan mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ yẹ̀ wò. Á ka bí aboyún náà ṣe ń mí. Á wọn ìtọ̀ tó ti tọ̀. Á wá fi òòlù rọ́bà kékeré kan lu abẹ́ eékún rẹ̀ jẹ́jẹ́, bóyá ẹsẹ̀ á ta. Bí ẹsẹ̀ kò bá ta, tàbí tí ìtọ̀ kò tó, abẹ́rẹ́ dúró nìyẹn. Wọ́n á sì ti fi calcium gluconate, tó ń gbógun ti magnesium tó bá pọ̀ jù, sí ìtòsí. Kápúsù kò lágbára tó abẹ́rẹ́, àmọ́ kíndìnrín kan náà ló ń kó àwọn méjèèjì jáde.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, àti ẹni tó bá ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kó lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní creatinine kó tó ra ìgò kankan. Lábù máa ń ṣírò iye kan tí wọ́n ń pè ní eGFR látinú rẹ̀, èyí tó ń sọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ tó. Bí iye yẹn bá wà lábẹ́ 30, ẹ fi magnesium sílẹ̀, àfi bí dókítà tó ń tọ́jú kíndìnrín yín bá fúnra rẹ̀ kọ ọ́ fún yín. Bí ó bá wà láàárín 30 sí 60, ẹ bi dókítà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Kíndìnrín kì í pariwo nígbà tó bá ń bàjẹ́. Mo ti rí ẹni tí ara rẹ̀ le koko lójú, tó jẹ́ pé ìwé àyẹ̀wò yìí ló kọ́kọ́ fi ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ hàn án.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń lù jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ, àti ẹni tó ní àìsàn iṣan tí wọ́n ń pè ní myasthenia gravis, kí àwọn náà gba àṣẹ dókítà kọ́kọ́. Ọmọdé ńkọ́? Ẹ má fún ọmọdé ní magnesium láìjẹ́ pé dókítà ló ní kẹ́ ẹ fún un.

2. Ṣé ẹ tiẹ̀ nílò rẹ̀?

Nǹkan bíi gíráàmù 25 magnesium ló wà lára àgbàlagbà. Ó lé ní ìdajì rẹ̀ tó wà nínú egungun, ìyókù fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nínú iṣan àti ẹran ara tán. Èyí tó wà nínú omi ẹ̀jẹ̀ kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ ò rí i pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè sọ pé kò séwu, nígbà tó jẹ́ pé inú àká ló ti ń gbẹ.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ní kí ọkùnrin àgbàlagbà máa rí 400 sí 420 mg lójúmọ́, kí obìnrin rí 310 sí 320, kí aboyún rí 350 sí 360. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní tiwọn sọ 300 fún ọkùnrin, 270 fún obìnrin. Ìyàtọ̀ yìí kò yẹ kó da orí yín rú. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ fi sọ́kàn ni pé oúnjẹ wà nínú ìṣirò náà, oúnjẹ wa sì lọ́rọ̀ nínú rẹ̀. Ẹ̀wà, ẹ̀pà, kajú, ẹ̀gúsí, tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ìrẹsì tí wọn ò bó èèpo rẹ̀ tán: ilé magnesium ni gbogbo wọn. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ kan ní nǹkan bíi 32 mg. Èròjà tó ń sọ ewé di aláwọ̀ ewé, magnesium ló wà ní àárín gbùngbùn rẹ̀, torí náà ẹ̀fọ́ tó dúdú minimini kì í ṣe ẹgbẹ́ búrẹ́dì funfun. Àmọ́ ẹ̀fọ́ tí a bọ̀, tí a fún, tí a sì da omi rẹ̀ nù, magnesium díẹ̀ ti bá omi náà lọ. Mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀fọ́ ni a lè sè láìbọ̀. Èyí tó bá ṣeé gé sínú ọbẹ̀ tààrà, ẹ gé e sínú ọbẹ̀ tààrà.

Àwọn tí magnesium máa ń wọ́n lára wọn nìwọ̀nyí: ẹni tí ìgbẹ́ gbuuru ti ń bá fínra tipẹ́, ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, ẹni tó ń mutí púpọ̀, àgbàlagbà tí oúnjẹ rẹ̀ ti dín kù, ẹni tó ń lo oògùn tó ń múni tọ̀ bíi furosemide, àti ẹni tó ti lo omeprazole tàbí irú rẹ̀ ju ọdún kan lọ. Ti omeprazole yìí ni mo máa ń tẹnu mọ́ jù, torí àwọn èèyàn wa ń rà á fún ọgbẹ́ inú bí ẹni ń ra gúgúrú. Láti ọdún 2011 ni FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn ní Amẹ́ríkà, ti kìlọ̀ pé bí wọ́n bá lò ó pẹ́, ó lè mú kí magnesium inú ẹ̀jẹ̀ já wálẹ̀. Bí ẹ bá wà lára àwọn wọ̀nyí, tó ń rẹ̀ yín ṣáá, tí oúnjẹ kò wù yín jẹ, tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ yín ń ṣe bí ẹni ń gún un lábẹ́rẹ́, ẹ sọ fún dókítà. Bí ẹ kò bá sí lára wọn, tí ẹ sì ń jẹ ẹ̀wà àti ẹ̀fọ́ déédéé, ó ṣeé ṣe kí owó ìgò náà wúlò fún yín níbòmíràn.

3. Ẹ mọ ẹni tí magnesium bá rìn

Irin ni magnesium, kì í dá rìn. Inú ìgò, ó gbọ́dọ̀ so mọ́ nǹkan mìíràn, ohun tí wọ́n jọ di yẹn ni a ń pè ní iyọ̀ magnesium. Ẹ fojú inú wo ìyá tó pọn ọmọ gun òṣùwọ̀n: ohun tí òṣùwọ̀n bá sọ kì í ṣe ìwọ̀n ọmọ. Magnesium ni ọmọ ẹ̀yìn yẹn. 1500 mg tó dẹ́rù ba màmá, ìyá àti ọmọ ni wọ́n wọ̀n pọ̀.

Mo fi orúkọ wọn sílẹ̀ bí ẹ ṣe máa rí i lára ìgò. Iye tó tẹ̀ lé orúkọ kọ̀ọ̀kan ni magnesium gan-an tó wà nínú 100 mg iyọ̀ náà:

- Magnesium oxide: 60
- Magnesium hydroxide: 42
- Magnesium citrate: 16
- Magnesium glycinate, tí wọ́n tún ń pè ní bisglycinate: 14
- Magnesium chloride tó ní omi tirẹ̀ nínú: 12
- Magnesium sulphate tó ní omi tirẹ̀ nínú: 10
- Magnesium threonate: 8

Ẹni tó bá wo èyí lóréfèé á ní oxide ló borí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oxide kì í fẹ́ yòrò nínú omi, ohun tí kò bá sì yòrò, ìfun kò lè gbà á wọlé dáadáa. Púpọ̀ nínú rẹ̀ máa ń gba inú kọjá ni, á fa omi mọ́ra lọ, á sì sọ ìgbẹ́ di rírọ̀. Ìdí tí ó fi pọ̀ lọ́jà ni pé owó rẹ̀ kéré, hóró rẹ̀ sì lè kéré kí iye ara ìgò ṣì tóbi.

Citrate máa ń yòrò dáadáa, ara sì ń gbà á ju oxide lọ. Òun náà máa ń rọ ìgbẹ́, nítorí náà òun ni mo máa ń mú fún ẹni tí kì í tètè yàgbẹ́. Glycinate rọ inú lọ́rùn, òun ló dára fún ẹni tí inú rẹ̀ máa ń tètè bàjẹ́. Chloride náà ń yòrò gan-an, àmọ́ ó korò lẹ́nu, ó sì máa ń fa omi inú afẹ́fẹ́ mọ́ra. Bí ẹ bá ra ti lẹ́búlẹ́bú lákòókò òjò, tí ẹ ò sì dé e dáadáa, ẹ ó bá a tó ti di òkúta nínú ìgò. Threonate ni wọ́n ń polówó fún ọpọlọ, owó rẹ̀ sì ga fíofío. Ìwádìí tí wọ́n gbé e lé ṣì kéré, nítorí náà mi ò jẹ́ ní kí ẹni tó ń ṣọ́ owó ná rà á.

Hydroxide ni Milk of Magnesia tí a mọ̀. Mist Mag tí a ń mu fún ọgbẹ́ inú, magnesium trisilicate ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Andrews Liver Salt ní magnesium sulphate nínú. Mo dárúkọ àwọn wọ̀nyí torí pé ọ̀pọ̀ ń lò wọ́n láìmọ̀ pé magnesium ni. Ẹni tó ń mu Mist Mag lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́, tó tún wá ń gbé kápúsù tí ọmọ rẹ̀ fi ránṣẹ́ mì, kó ka méjèèjì pọ̀.

Ọgbọ́n kan wà tí ẹ lè fi mọ̀ bóyá wọ́n da oxide mọ́ ohun tí ẹ rà. Ká ní ìgò ń pariwo glycinate, kápúsù kan wọn 500 mg, wọ́n sì ní magnesium inú rẹ̀ jẹ́ 200. Ẹ ṣe ìṣirò rẹ̀: ìdá mẹ́rìnlá nínú ọgọ́rùn-ún ti 500 jẹ́ 70. Níbo ni 130 tó kù ti wá? Oxide ni wọ́n máa ń sábà fi kún un. Nígbà mìíràn wọ́n á kọ "buffered" sí i, wọ́n á sì gbà pé àwọn ti sọ ọ́. Ohun kan náà ni ti ìgò tó ní oríṣi iyọ̀ magnesium méje nínú. Ẹ wo ibi tí wọ́n to àwọn èròjà sí. Èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kọ, bí oxide bá ti wà níwájú, àwọn tó kù lè má ju fífọ́n lọ.

4. Ẹ ka ẹ̀yìn ìgò, ẹ kọ iye kan sílẹ̀

Nǹkan mẹ́ta ni ẹ ń wá. Àkọ́kọ́ ni iye hóró tó jẹ́ ìwọ̀n ẹ̀ẹ̀kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n bá kọ "serving size" sí: ṣé ẹyọ kan ni, àbí méjì, àbí mẹ́ta? Èkejì ni iye magnesium fúnra rẹ̀. Àwọn kan á kọ "elemental magnesium", àwọn mìíràn á kọ "providing magnesium" tẹ̀ lé iye náà. Ẹ pín in sí iye hóró, kẹ́ ẹ fi kálámù kọ èsì rẹ̀ sórí ìdérí ìgò gàdàgbà. Bí mo ṣe kọ 70 sórí ìdérí ti màmá nìyẹn, tí kò fi tún ní wá awò ojú kó tó lò ó.

Ẹ ṣọ́ra fún bí wọ́n ṣe to ọ̀rọ̀. "Magnesium oxide 400 mg" sábà máa ń jẹ́ ìyá àti ọmọ pọ̀, magnesium inú rẹ̀ á jẹ́ nǹkan bíi 240. Ṣùgbọ́n "Magnesium 400 mg, as magnesium oxide" túmọ̀ sí pé 400 gbáko ni ọmọ fúnra rẹ̀, iye yẹn sì ti kọjá ààlà tí Amẹ́ríkà fún àgbàlagbà.

Ẹ̀kẹta ni ìdá ọgọ́rùn-ún (%) tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìyẹn apá tó jẹ́ nínú iye tó yẹ kí àgbàlagbà rí lójúmọ́. Òṣùwọ̀n Amẹ́ríkà dúró lórí 420 mg, ti Yúróòpù àti Gẹ̀ẹ́sì dúró lórí 375. Nítorí náà 100 mg kan náà á jẹ́ 24% lára ìgò tó wá láti New York, á sì jẹ́ 27% lára ti Manchester. Èyí ti Manchester kò lágbára ju ìkejì lọ.

Bí ẹ bá ń rà á ní Nàìjíríà, ẹ wá nọ́ńbà NAFDAC àti ọjọ́ tí yóò bàjẹ́. Ẹ má ra èyí tí oòrùn ti ń pa níwájú ṣọ́ọ̀bù.

5. Ẹ fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Ààlà magnesium tó ń wá látinú hóró àti oògùn nìkan, láìka ti oúnjẹ, jẹ́ 350 mg lójúmọ́ fún àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà. Ti Yúróòpù jẹ́ 250. Ti Yúróòpù yìí ni èmi fara mọ́ fún ẹni tó ń dá a lò láìsí dókítà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bíi 100 mg lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kẹ́ ẹ fi ọ̀sẹ̀ kan wo bí inú ṣe gbà á. Bí ẹ bá fẹ́ lò ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ pín in sí àárọ̀ àti alẹ́, torí ìfun máa ń gba díẹ̀díẹ̀ wọlé ju kí a da gbogbo rẹ̀ lé e lórí lẹ́ẹ̀kan lọ. Àárọ̀ tàbí alẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ ní ìyàtọ̀. Èyí tí ẹ kò ní gbàgbé ló dáa jù.

Bí ìgbẹ́ bá ń ṣàn, ara ló ń sọ pé ó ti tó. Ẹ dín in kù, tàbí kẹ́ ẹ pààrọ̀ oxide sí glycinate. Ẹ má lo oògùn tó ń dá ìgbẹ́ dúró kẹ́ ẹ lè máa bá magnesium lọ. Mo ti rí ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀, àánú rẹ̀ sì ṣe mí gan-an.

6. Ẹ yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn oògùn kan

Ọ̀gbẹ́ni kan ń lo ciprofloxacin (cipro), oògùn apakòkòrò kan, fún àkóràn inú ìtọ̀. Ọjọ́ márùn-ún kọjá, kò sí ìyàtọ̀, ó ní ayédèrú ni oògùn náà. Nígbà tí mo bi í léèrè ohun mìíràn tó ń lò, ó ní inú ń ta òun, nítorí náà Mist Mag ni òun fi ń sin cipro náà wọlé. Magnesium ti di oògùn náà mú nínú ìfun, kò jẹ́ kó wọ ẹ̀jẹ̀. Oògùn rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú.

Ciprofloxacin, levofloxacin, tetracycline àti doxycycline ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí jù. Ẹ lò wọ́n ní ó kéré tán wákàtí méjì ṣáájú magnesium, tàbí wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà lẹ́yìn rẹ̀. Bí cipro bá jẹ́ aago méje àárọ̀ àti méje alẹ́, magnesium lè bọ́ sí aago kan ọ̀sán. Èyí tó rọrùn jù ni pé kẹ́ ẹ gbé magnesium tì títí apakòkòrò náà á fi tán. Ọjọ́ méje láìsí magnesium kò ní ṣe yín ní nǹkan kan.

Levothyroxine, tí àwọn tí ẹṣẹ́ thyroid wọn kò ṣiṣẹ́ tó ń lò, kó fi wákàtí mẹ́rin jìnnà sí i. Alendronate tí wọ́n ń fún àgbàlagbà fún egungun, wákàtí méjì ó kéré tán. Ẹni tó ń lo spironolactone tàbí amiloride kó sọ fún dókítà, torí àwọn wọ̀nyí kì í jẹ́ kí magnesium bá ìtọ̀ jáde bó ṣe yẹ.

7. Ohun tó lè ṣe, àti ohun tí kò lè ṣe

Fún àìtètè yàgbẹ́, ó ń ṣiṣẹ́, kò sí àríyànjiyàn. Fún ẹ̀fọ́rí túúlu tó ń padà wá léraléra, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà kà á lọ́dún 2012 mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó ran aláìsàn lọ́wọ́, àmọ́ ìwọ̀n tí wọ́n ń lò fún un ga ju ààlà tí mo sọ lókè, dókítà ló gbọ́dọ̀ mójú tó o. Fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ó lè dín in kù díẹ̀, díẹ̀ gan-an ni. Kò sí magnesium tó lè rọ́pò oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí dókítà kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé oògùn yín tì torí ọ̀rọ̀ WhatsApp. Ohun tó ń tẹ̀yìn irú rẹ̀ yọ, mo ti rí i: ẹni tó ń rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi tẹ́lẹ̀, tó jẹ́ pé orí àga onítáyà ni wọ́n wá gbé e wá lẹ́yìn ìgbà náà.

Iṣan ẹsẹ̀ tó ń fà le lóru ni ọ̀pọ̀ àgbàlagbà torí rẹ̀ ń rà á. Àkójọ ìwádìí tó wà lórí èyí kò fi hàn pé ó ń ran àgbàlagbà lọ́wọ́. Ẹ na ẹsẹ̀ yín kẹ́ ẹ tó sùn, kẹ́ ẹ fa ìka ẹsẹ̀ síhà ọ̀dọ̀ yín, ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ní ti oorun, ẹ̀rí rẹ̀ kò tíì lágbára. Bí ẹnì kan bá lò ó tó sì sùn, mo bá a yọ̀, àmọ́ mi ò lè fi ìdánilójú tà á fún ẹlòmíràn.

8. Ti inú ọ̀rá

Lábúlé Epsom, nítòsí London, ni wọ́n ti kọ́kọ́ mọ magnesium sulphate, ní nǹkan bí ọdún 1618. Ìtàn sọ pé ọ̀gbẹlẹ̀ dé, àgbẹ̀ kan rí kòtò omi, àwọn màlúù rẹ̀ kọ̀, wọn ò mu ún torí kíkorò rẹ̀. Nígbà tí omi náà gbẹ, iyọ̀ funfun ló kù nílẹ̀. Bí orúkọ Epsom salt ṣe dé ọ̀dọ̀ wa nìyẹn, òun ni wọ́n sì ń dì sínú ọ̀rá lọ́jà báyìí, tí wọ́n ń rò sínú omi fún ẹni tó fẹ́ "fọ inú".

Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù jù nínú gbogbo ohun tí mo kọ síhìn-ín. Kò sí ìwé lára ọ̀rá náà, kò sí ìwọ̀n, ṣíbí tó bá wà nílé ni wọ́n á fi bù ú. Gíráàmù 10 rẹ̀, ṣíbí kan tàbí méjì lásán, ní nǹkan bíi 1000 mg magnesium, ìyẹn ìlọ́po mẹ́rin ààlà 250 ti Yúróòpù tí mo sọ. Ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀ lè tibẹ̀ kú. Ẹni tí ara rẹ̀ le pàápàá, omi ara rẹ̀ lè gbẹ. Bí ẹ bá ní in nílé, ẹ rẹ ẹsẹ̀ yín sínú omi gbígbóná rẹ̀, ó máa ń tuni lára, ṣùgbọ́n ẹ má retí pé magnesium á gba awọ ara wọlé lọ́nà tó nítumọ̀.

9. Ìgbà tí ẹ gbọ́dọ̀ dáwọ́ rẹ̀ dúró

Bí ojú àti ara bá ń gbóná tó sì pọ́n wàì lẹ́yìn tí ẹ lò ó, bí èébì bá ń gbé yín, bí ìtọ̀ kò bá jáde mọ́, bí oorun àìmọ̀dí bá ń kùn yín lọ́sàn-án gangan, bí ẹsẹ̀ bá ń rọ̀ bí ẹní fẹ́ ṣubú, tàbí tí ọkàn ń lù ségesège, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró, kẹ́ ẹ lọ rí dókítà, ẹ má ṣe dúró de àárọ̀. Bí mímí bá ti ń nira, ilé ìwòsàn ní kíá. Ẹ gbé ìgò náà dání, àti gbogbo oògùn mìíràn tí ẹ ń lò, kẹ́ ẹ sì sọ iye hóró tí ẹ lò àti ìgbà tí ẹ lò ó, kí dókítà lè yí i padà kó ka ẹ̀yìn rẹ̀.